Odò Tó Ga Ju Ilé Wa Lọ

8 oṣù Karùn-ún, Ọjọ́ Ajé
Òjò dídì ti kúrò lórí pápá, àfi ní ẹ̀bá ògiri tí a mọ láti dá odò dúró. Kí n tó fún àwọn màlúù lómi, Torfi ọkọ mi ti gbé ṣọ́bìrì lọ síbẹ̀. Bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún nìyẹn. Bí ilẹ̀ bá ti yọ́, ògiri ni yóò kọ́kọ́ lọ kí, kó tó kí àgùntàn. Kọfí tún ti wọ́n sí i ní ilé ìtajà alájẹsẹ́kù. Ìdajì ohun tí mo máa ń rà ni mo rà, mo sì sọ fún ìyá ọkọ mi pé kí wọ́n má da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ nù, a ó tún un sè. Màmá ní àwọn kò da á nù rí láyé àwọn.

Halla ọmọ wa kọ̀wé láti Reykjavík. Ọkọ rẹ̀ ti bá Torfi wá iṣẹ́ sí ilé ẹja, láti oṣù Kọkànlá, bó bá fẹ́. Torfi kà á tán, ó fi lẹ́tà náà sẹ́yìn aago. Èmi náà fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Màlúù mẹ́ta la ní lọ́dún tó kọjá. Ketill wá wọn koríko inú àká wa, ó ní kò lè bọ́ mẹ́ta títí òtútù yóò fi lọ, a pa ọ̀kan. Ọkọ àbúrò mi ni Ketill, òdìkejì odò ni wọ́n ń gbé, òun ni àdúgbò sì fi ọ̀pá ìwọnkoríko lé lọ́wọ́, kí ẹran ẹnikẹ́ni má bàa pọ̀ ju koríko rẹ̀ lọ. Bó bá tún ní kí a pa ọ̀kan lọ́dún yìí, a ó ti ilẹ̀kùn ilé yìí ni. Màlúù kan kò lè gbé wa ró.

14 oṣù Karùn-ún
Òtútù tún padà. Àgùntàn méjì bí, ọmọ kan kú.

23 oṣù Karùn-ún
Mo ń fún wàrà lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹran láàárọ̀, mo gbójú sókè, mo rí Torfi lẹ́yìn ògiri. Ó ń fa ẹṣin pupa gba inú odò níbi tí omi kò tíì dé. Ikùn ẹṣin náà hàn sí mi kedere lókè ògiri. Nígbà tí mo wọ ilé yìí bí ìyàwó, etí ẹṣin nìkan la máa ń rí bí èèyàn bá fà á gba ibẹ̀ kọjá. Bẹ́ẹ̀ a ti gbé ògiri náà sókè lẹ́ẹ̀mẹta láti ìgbà yẹn.

Nígbà tí a ń jẹun mo bi í pé ṣé ẹṣin ló ga sí i ni. Ó ní ẹṣin tó ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀ kì í ga mọ́. Mo ní kí ló wá ga? Ó ní kí n bu wàrà dídì skyr sí i fún òun.

4 oṣù Kẹfà, Ìsinmi
A lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Omi ṣì kéré, orúnkún ẹṣin ló mu. Torfi àti Ketill ṣí fìlà fún àlùfáà, wọ́n ṣí i fún àwọn òkú inú sàréè, wọn kò ṣí i fún ara wọn. Ọdún tí a gbé ògiri sókè kẹ́yìn ni odò kẹ̀yìn sí wa, tó kọjú sí ilẹ̀ Ketill, tó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọn kò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀, àyàfi ọ̀rọ̀ koríko nígbà tó bá gbé ọ̀pá wá.

Svanborg àbúrò mi fà mí sẹ́yìn ilé ìsìn. Ó ní òpó ọgbà àwọn méjì ti ń rọ̀ lórí omi, wáyà nìkan ló dì wọ́n mú. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi kí ọkọ yín. Ó kù díẹ̀ kí n máa na ọwọ́ láti ojú fèrèsé fọ aṣọ nínú odò.” Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò wò mí lójú. Mo fún un ní ẹyin tí mo mú wá, ó gbà á.

15 oṣù Kẹfà
Oòrùn mú. Odò ti dà bí eérú, omi yìnyín ti dé. Kànga wa lọ sílẹ̀, mo sì pọn àgbá kan nínú odò láti fi fọ aṣọ. Mo gbé e kalẹ̀ kó tòrò. Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, òní ni mo wò ó. Kí n tó gbé garawa kúrò, òkúta wẹ́wẹ́ ti lọ sísàlẹ̀. Kí n tó kó aṣọ dé, iyanrìn ti bo òkúta. Omi òkè ṣì funfun bíi wàrà tí a ti yọ ọ̀rá rẹ̀.

16 oṣù Kẹfà
Ó ṣì funfun. N kò lè fọ aṣọ.

17 oṣù Kẹfà
Ó tòrò wàyí. Mo lo omi náà tán, mo fi ọbẹ gé ohun tó kù nísàlẹ̀ àgbá bí ẹni gé kéèkì: òkúta nísàlẹ̀, iyanrìn láàárín, ẹrẹ̀ kan lókè tó kúnná bí àtíkè. Mo da ẹrẹ̀ yẹn sí ìdí kábéèjì. Torfi ní ṣé aṣọ ni mo fẹ́ fọ̀ ni, àbí mo fẹ́ sin omi.

19 oṣù Kẹfà
Òjò. A jókòó sílé. Màmá ń hun ìbọ̀sẹ̀ láìwò ó, ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́. Mo bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti gé ègé koríko tí wọ́n fi mọ ògiri odò. Wọ́n ní inú pápá ni, níbo ni àwọn ì bá tún ti gé e? Lọ́dọọdún ni àwọn àti olóògbé ọkọ wọn ń fi ṣọ́bìrì gé ilẹ̀ pápá tòun ti koríko àti gbòǹgbò, tí wọ́n ń kó o lé orí ògiri. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bí Torfi, wọ́n ṣì gé e. Mo ní nígbà náà kòtò tó wà lẹ́yìn ògiri lápá tiwa kì í ṣe ohun tó wà níbẹ̀ látilẹ̀. Wọ́n ní kòtò kẹ̀? Ibẹ̀ ló ga jù ní gbogbo pápá nígbà tí wọ́n fẹ́ àwọn.

Mo ń rò ó. Gbogbo ọdún wọ̀nyí la ti ń gé ilẹ̀ tiwa fi gbé ògiri ga. Odò ní tirẹ̀ ń kó òkúta láti orí òkè wá, kò rí ibi tẹ́ ẹ sí, ó ń tẹ́ ẹ sábẹ́ ara rẹ̀ láàárín ògiri wa àti bèbè Ketill. Àwa ń lọ sílẹ̀, òun ń lọ sókè.

Mo bi Màmá pé kí ògiri tó wà ńkọ́. Wọ́n ní omi máa ń wọ pápá fún ọjọ́ mélòó kan nígbà ooru, á tínrín, á funfun, á sì lọ fúnra rẹ̀. Lọ́dún kejì koríko á dé ìbàdí. Mo ní kí ló wá dé tí wọ́n fi mọ ògiri? Wọ́n hun ìbọ̀sẹ̀ lọ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní ọdún kan ló sáré wọlé, ó kó òkúta wá, igun tó bò kò hu nǹkan kan di òní.

“Omi kan náà ni, ìyàwó mi,” Màmá wí. “Ìrìn rẹ̀ ló yàtọ̀.”

27 oṣù Kẹfà
Ìgbìmọ̀ àdúgbò ránṣẹ́ pé katapílà yóò wá lẹ́yìn ogúnjọ́ oṣù Keje. Ẹni tó bá fẹ́ kó gbé ògiri odò òun sókè kó forúkọ sílẹ̀, ìjọba yóò san ìdajì. Torfi kọ wákàtí mẹ́wàá sílẹ̀ láìbi mí. Ìdajì tiwa jẹ́ ọ̀ọ́dúnrún króna. Bí owó ẹran kò bá já nígbà ìkórè, owó ọ̀dọ́ àgùntàn méjì nìyẹn.

5 oṣù Keje
A bẹ̀rẹ̀ sí í gé koríko. Ó kúrú. Dòjé ń gbá ilẹ̀ lásán níbòmíràn. Oòrùn dára, ó ń tètè gbẹ.

11 oṣù Keje
Mo wọnú kòtò lẹ́yìn ògiri lọ wo abo àgùntàn kan tó ń tiro. Omi ń sun níbẹ̀ láti inú ilẹ̀, ó mọ́, ó tutù. Òjò kò rọ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Abẹ́ ògiri ló ń gbà wọlé. Mo pe Torfi wá, mo ní kó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Mo ní, “Bàbá Halla, odò ti wà lórí wa. Ògiri yẹn, ojú ara wa la kàn fi ń bò.”

“Kí lo fẹ́ kí n ṣe?”

“Ẹ jẹ́ kí katapílà ṣí i dípò kó gbé e ga. Níhìn-ín, ní ojú kòtò. Odò á wọ kòtò lọ sinmi, á da òkúta àti iyanrìn rẹ̀ síbẹ̀. Ẹrẹ̀ tó bá ṣẹ́ kù nínú omi á wá bá wa lórí pápá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú àgbá mi ni.”

“Pápá yàtọ̀ sí àgbá. Bàbá mi kú sórí ògiri yìí.”

“Orí bẹ́ẹ̀dì ni Bàbá kú sí. Èmi ni mo wẹ̀ wọ́n.”

Ó jáde kúrò nínú kòtò, ó lọ. Ó gbàgbé fìlà rẹ̀ síbẹ̀.

12 oṣù Keje
Kò bá mi sọ̀rọ̀. A gé koríko gan-an.

18 oṣù Keje
Ọjọ́ kẹta tí ooru mú láìsí atẹ́gùn. Gbogbo orí òkè yìnyín ló ń sọ̀kalẹ̀. Omi dúdú, ó ń hó, ó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Òkúta ń yí lábẹ́ rẹ̀, ìró wọn ń gba inú ilẹ̀ wá sí ilé ìdáná, àwo ń gbọ̀n nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Màmá ní kí n fi aṣọ sáàárín àwọn àwo kí wọ́n má fọ́.

19 oṣù Keje
Àtẹ́lẹwọ́ méjì ló kù kí omi kan orí ògiri. Ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀kan ààbọ̀.

20 oṣù Keje, Ọjọ́bọ̀
Ketill dé lórí ẹṣin eléérú rẹ̀ tó mọ omi. Ẹṣin tó lè là á já lónìí kò pọ̀ ní agbègbè yìí. Omi dé àyà ẹṣin náà pàápàá. Torfi ń bẹ lórí ògiri, kò sọ̀ kalẹ̀. Ketill dúró nísàlẹ̀, omi ń ṣàn lára rẹ̀, ó ṣí fìlà.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n Torfi, mi ò wá jà. Láti àárọ̀ ló ti gba ilẹ̀ tó tó ilé àgùntàn mi. Bó bá fi di Ìsinmi, ó ti kan àká.”

“Mo gbọ́. Kí ni kí n ṣe sí odò?”

“Ògiri yín ló ń lé e bọ̀.”

“Ṣé òfin ní kí n má mọ ògiri ni?”

“Èmi ò pe òfin. Àká mi ni mo pè.”

Mo jáde láti ibi tí mo ti ń sá koríko. Mo ti ń rò ó láti ọjọ́ tí Torfi gbàgbé fìlà. Mo bi Ketill pé báwo ni koríko tó ti kó wọlé ṣe tó. Ó ní ó dára, ìgé àkọ́kọ́ ti wọlé tán, ó sì retí ìgé kejì. Mo ní ó dáa. Mo ní bí katapílà bá ṣí ògiri lọ́túnla, gbogbo koríko tí a kò tíì gé nísàlẹ̀ pápá ti lọ nìyẹn. Nígbà tó bá di oṣù Kẹwàá, ìwọ náà ni wàá gbé ọ̀pá wá.

Mo ní, “Ṣé wàá fi ọwọ́ kan gba ògiri lọ́wọ́ wa ni, kí o tún fi ìkejì gba màlúù?”

Ó nu ojú. “Ẹ̀gbọ́n mi, èló lẹ fẹ́ gbà?”

“Oúnjẹ màlúù kan títí ilẹ̀ á fi tún yọ́. Ogójì ẹrù ẹṣin. Gbígbẹ o, kì í ṣe èyí tí òjò ti lù pa.”

“Ẹ gba mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.”

“Màlúù wo ló ń jẹ ààbọ̀ ikùn?”

Ó wo òdìkejì odò. Bèbè rẹ̀ kan já sínú omi nígbà tó ń wò ó, a gbọ́ ọ. Ó ní ó ti di ogójì. Mo ní kó wá wí i níwájú Màmá, ó wọlé pẹ̀lú bàtà tútù, ó wí i.

Ó ku Torfi. Ó ti sọ̀ kalẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò wo èmi tàbí Ketill, ìyá rẹ̀ ló ń wò. Màmá gbé ìbọ̀sẹ̀ sílẹ̀.

Wọ́n ní, “Èmi ni mo gé e lára pápá. Ẹ dá a padà fún un.”

Torfi ní kí a kọ́kọ́ kó èyí tó ti gbẹ wọlé. Òun ló sọ ọ́. 

21 oṣù Keje
A kó koríko láti òwúrọ̀ títí ẹsẹ̀ fi kọ̀. Ketill mú ẹṣin méjì wá. Svanborg náà wá, ó ní òun kò fẹ́ jókòó sílé máa gbọ́ bí ilẹ̀ òun ṣe ń lọ. Torfi àti Ketill so ẹrù pọ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún ara wọn: fà á, ó tó, rọra. Ní ìsàlẹ̀ pápá, a fi koríko tó tó ẹrù ẹṣin ọgbọ̀n sílẹ̀ ní ìdúró. Àtẹ́lẹwọ́ kan.

22 oṣù Keje
Katapílà dé. Hreinn lorúkọ ẹni tó ń wà á, ọmọ ìlà oòrùn ni, ó jẹ ẹja gbígbẹ wa bí ẹni pé ilé rẹ̀ jóná. Nígbà tí Torfi fi ibi tí yóò wó hàn án, ó pa ẹ́ńjìnnì. Ó ní ní gbogbo agbègbè yìí òun ń gbé ògiri ga ni, ẹnikẹ́ni kò tíì pe òun wá wó o. Ó ní òun kò mọ̀ bóyá ìjọba yóò san ìdajì irú èyí. Mo mú ìwé náà wá. Mo ní wákàtí katapílà lórí ògiri odò ni wọ́n kọ síbẹ̀, kó bá mi wá ibi tí wọ́n ti kọ ohun tó máa fi wákàtí náà ṣe. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, “Ìyá Halla, ẹ bá mi bu kọfí sí i,” ó tan ẹ́ńjìnnì.

Mo ní kó jẹ́ kí ojú ibẹ̀ fẹ̀, kó má jìn. Bó bá jìn, omi á sáré. Wákàtí mẹ́fà ló ṣe, mẹ́fà ni mo san.

Omi wọlé ní ọ̀sán. Kò bú ramúramù. Ó yọ́ wọnú kòtò, ó yípo níbẹ̀, ó kún un, ó sì gba ẹ̀bá kejì jáde sórí koríko, ó tínrín bí aṣọ tí wọ́n ń tẹ́. Ó funfun. Torfi jókòó lórí èyí tó kù nínú ògiri. Mo gbé búrẹ́dì lọ fún un, ó jẹ ẹ́.

24 oṣù Keje
Svanborg fi aṣọ funfun kọ́ sójú fèrèsé láti òdìkejì. Àmì tí a fẹnu kò sí nìyẹn, pé bèbè wọn ti dẹ́kun jíjá.

30 oṣù Keje
N kò ṣírò èyí. Òjò gbígbóná rọ̀ sórí yìnyín láti àná. Odò gba ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀ oòrùn ibi tí a ṣí, ó ń já ògiri lọ fúnra rẹ̀, ojú ibẹ̀ ti fẹ̀ ní ìlọ́po méjì. Kòtò ti kún fún òkúta. Èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò rí àyè, ó gba ọgbà àgùntàn lọ. Ní ọ̀sán, òkúta ti bá orí ògiri ọgbà dọ́gba. Orí òrùlé ilé àgùntàn kékeré nìkan ló hàn.

Ketill tún là á kọjá wá, a kò pè é. Òun àti Torfi di òkúta sínú wáyà, wọ́n ń yí i sí ẹnu ibẹ̀, ọ̀kan lápá ìhín, ọ̀kan lápá ọ̀hún, omi dé ìbàdí wọn. Nígbà tí wọ́n wọlé, ọwọ́ wọn kò lè di ife mú. Mo ń retí kí Torfi sọ ọ́ sí mi lójú pé èmi ni mo fà á. Ó ní, “Ó sàn kó wọ ọgbà àgùntàn ju kó wọ ilé ẹran lọ.” Ó sùn lórí àga.

Igi àti òrùlé ọgbà tuntun kò ní dín ní irínwó króna.

2 oṣù Kẹjọ
Òkúta inú wáyà dúró, odò kò já ògiri mọ́.

20 oṣù Kẹjọ, Ìsinmi
Òtútù díẹ̀ bọ́ sórí òkè, odò fà sẹ́yìn sínú ilé rẹ̀. Mo wọ bàtà rọ́bà, mo rìn ín láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lẹ́nu ibi tí a ṣí, òkúta tó tó orí ọmọdé. Síwájú sí i, òkúta bí ẹyin. Lẹ́yìn náà iyanrìn, tó ṣe ìlà bí orí tí wọ́n fi òòyà yà, gbogbo rẹ̀ tẹ́ bí abẹ̀bẹ̀ láti ẹnu ibẹ̀. Níbi tí iyanrìn parí sí, ẹrẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó lọ dé ìpẹ̀kun pápá. Mo ti ìka bọ̀ ọ́, ó bo oríkèé kejì. Ó ti ń gbẹ, ó ń là.

Ìdá kan nínú mẹ́rin pápá ló bọ́ sábẹ́ òkúta àti iyanrìn. Ìyẹn kò ní hu nǹkan kan lójú mi. Ìdajì ló gba ẹrẹ̀. N kò mọ̀ bóyá ó dára. Bí ilẹ̀ bá yọ́ lọ́dún tó ń bọ̀, a ó mọ̀.

9 oṣù Kẹsàn-án
Òjò. Òjò. Ìgé kejì Ketill wà nílẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́jọ, Svanborg ní ó ti ń pọ́n lábẹ́.

16 oṣù Kẹsàn-án
A kó àgùntàn sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Mẹ́ta sọnù. Òjò ni gbogbo ọjọ́. Owó ẹran kò já.

25 oṣù Kẹsàn-án
Òjò dá. Ketill bẹ̀rẹ̀ sí í kó koríko wa kọjá odò. Mo dúró lẹ́nu àká, mo ti ọwọ́ bọ inú ẹrù kọ̀ọ̀kan dé ìgúnpá. Ìgé àkọ́kọ́ ni gbogbo rẹ̀, ó ń ta sánsán. N kò rí ọ̀kan tí n bá dá padà.

27 oṣù Kẹsàn-án
Ó pé ogójì.

12 oṣù Kẹwàá, Ọjọ́bọ̀
Ketill wá pẹ̀lú ọ̀pá. Lónìí kì í ṣe àna, ó wọ kóòtù tó máa ń wọ̀ fún iṣẹ́ náà. Ó wọn gígùn, ó wọn ìbú, ó gun orí koríko, ó ti ọ̀pá bọ̀ ọ́ níbi mẹ́rin, títí kan èyí tí òun fúnra rẹ̀ kó wá. Torfi dúró tì í, ó di ìwé rẹ̀ mú fún un.  Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó ní màlúù méjèèjì àti gbogbo àgùntàn, koríko tó wọn, ó tilẹ̀ fi díẹ̀ ṣẹ́ kù. Ó kọ ọ́.

Mo sè kọfí tuntun, kì í ṣe àtúnsè. Nígbà tí mo ń bù ú fún un ni mo bi í pé tirẹ̀ ńkọ́, ta ló ń wọn tirẹ̀?

“Èmi náà ni. Mo wọ̀n ọ́n lánàá.”

“Ó tó?”

Ó fi ṣúgà sí kọfí, ó rò ó pẹ́. “Kò tó. Ìgé kejì ti rà. Mo ti kọ Huppa sílẹ̀. Wọ́n máa pa á lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.”

Ó sọ ọ́ bí ẹni sọ pé òjò máa rọ̀. Huppa ni màlúù wọn tó dára jù, ó lóyún. Torfi gbé ife kalẹ̀. Kò sẹ́ni tí kò lè ṣírò rẹ̀ nínú yàrá yẹn: ohun tí Huppa ì bá jẹ ló wà nínú àká wa. Mo lè sọ pé àdéhùn ni àdéhùn, òótọ́ sì ni. N kò sọ ọ́. N kò sì sọ pé kó wá kó o padà, nítorí bó bá kó o, tiwa ló kú, a sì ti wà lójú ọ̀nà Reykjavík. Mo fọ ife. Ó dúpẹ́, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó lọ.

14 oṣù Kẹwàá
Mo bá Torfi nílé àgùntàn láàárọ̀, ó ń fi ẹfun sàmì sẹ́yìn àwọn abo kan, ó ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Mo kà wọ́n, méjìlá. Mo bi í pé kí ni èyí.

“Bí àwọn wọ̀nyí ò bá jẹun pẹ̀lú wa, tí a bá fi ti wọn kún èyí tó ṣẹ́ kù, ó máa tó. Huppa máa sùn níbí.”

Mo ní abo méjìlá, ọmọ tí wọn ò ní bí lọ́dún tó ń bọ̀ ńkọ́? Ó ní òun mọ̀. Mo ní n kò bi í bóyá ó mọ̀.

Ó ní, “Ìwọ lo ka ogójì wọlé, Oddný. Èmi ni mo rí ibi tí wọ́n ti ń jáde.”

Kì í pe orúkọ mi.  Mo ní kó nu ẹfun kúrò lẹ́yìn olójú dúdú yẹn, ìbejì ló ń bí, kó fi sí èyí tó ń tiro. Ó nù ún.

19 oṣù Kẹwàá
A pa àwọn méjìlá, Torfi sì ránṣẹ́ sí Ketill pé kó dá Huppa sí. Mo kọ̀wé sí Halla pé kí ọkọ rẹ̀ fún ẹlòmíràn níṣẹ́ ilé ẹja. Mo fi ẹran díẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn nínú ọkọ̀ alájẹsẹ́kù, owó ọkọ̀ ti wọ́n.

28 oṣù Kẹwàá, Àbámẹ́ta
Odò kéré, ó mọ́, ó ń sáré láàárín òkúta tó kó wá fúnra rẹ̀. Torfi lọ sí òdìkejì láti òwúrọ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀ ju bí màlúù kan ṣe yẹ kó pẹ́ lọ. Mo rí i pé èéfín ilé ìdáná Svanborg nípọn, wọ́n ń se nǹkan. Nígbà tó di ọ̀sán, àwọn méjèèjì fa Huppa sọ̀ kalẹ̀ láti bèbè, àpò ìdọ̀họ wà lẹ́yìn rẹ̀ nítorí òtútù, Svanborg ń rìn lẹ́yìn, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń sin ìyàwó. Ó kọ̀ láti wọ omi. Ketill fà á, Torfi tì í.

A so ó mọ́ àárín àwọn tiwa. Àdéhùn wàrà: ìdajì-ìdajì, Svanborg yóò máa wá gbé tirẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta tí omi bá gbà. Mo jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́, mo fún wàrà rẹ̀. Ó dúró jẹ́ẹ́ títí garawa fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, ó wá gbé ẹsẹ̀, ó ta á nù. Gbogbo rẹ̀ ṣàn lọ sínú ilẹ̀.

Torfi ní ara rẹ̀ kò tíì mọ ilé ni. Mo ní bó bá kan oúnjẹ, ara rẹ̀ ti mọ ilé. Mo tún garawa fọ̀.